Kì í Ṣe Wàrà

Modúpẹ́ ń ká báńdéèjì lọ́wọ́ nígbà tí obìnrin Fúlàní kan já wọ wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Ó pọn ọmọkùnrin kékeré kan, orí ọmọ náà sì ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tí kò ní eegun lọ́rùn. Ẹsẹ̀ lásán ni obìnrin náà fi sáré wá. Eruku ti bò ó dé orúnkún, aṣọ tó fi pọnmọ sì ti rin gbindin. Itọ́ ló rin ín. Itọ́ ń ṣàn lẹ́nu ọmọ náà bí omi ẹ̀rọ tí wọn kò tì.

Ọjọ́ Sátidé kan ni, nínú oṣù kejì ọdún 1974. Modúpẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́bìnrin mẹ́rin mìíràn láti ẹgbẹ́ Rẹ́ẹ̀dì Kúrọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ wọn ló wá ṣèrànwọ́ ní ọsibítù kan nílùú Ìlọrin, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n ká báńdéèjì, kí wọ́n pọnmi, kí wọ́n sì bá àwọn ọmọ tí ara wọn ti ń yá ṣeré. Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún wọn pé èèyàn lè rí ikú lójúkojú láàárọ̀ Sátidé.

Sísítà Ọlábísí, ọ̀gá nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù náà, sáré tú ọmọ náà sílẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí ibùsùn. "Kí ló ṣe é? Ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀?"

Obìnrin náà dáhùn o. Ọ̀rọ̀ ń dà lẹ́nu rẹ̀ wùyà wùyà, àmọ́ èdè Fúlàní ni. Sísítà bi í ní Gẹ̀ẹ́sì, ó tún fi Haúsá mẹ́ta mẹ́rin tó mọ̀ kún un. Obìnrin náà mi orí, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó fa kèrègbè kékeré kan yọ láti inú aṣọ rẹ̀, irú èyí tí àwọn Fúlàní fi ń gbé wàrà. Ó mì ín níwájú Sísítà. Nǹkan funfun kan ta sí ẹnu kèrègbè náà.

"Gbé e kúrò!" ni Sísítà wí. "Àsìkò wàrà kọ́ nìyí."

Ariwo ni gbogbo wọ́ọ̀dù gbọ́. Modúpẹ́ nìkan ló gbọ́ ọ̀rọ̀. Ohun tí obìnrin náà ń wí ni pé: "Kì í ṣe wàrà! Oògùn tí a fi ń pa eégbọn lára màálù ni! Ọmọ rò pé wàrà ni, ó sì mu ún!"

Báńdéèjì bọ́ lọ́wọ́ Modúpẹ́, ó yí lọ sábẹ́ bẹ́ǹṣì. Ó wo kèrègbè náà. Ó wo obìnrin náà, ojú wọn sì ṣe mẹ́rin. Lẹ́yìn èyí ni ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó he báńdéèjì rẹ̀, kò sì gbé ojú sókè mọ́.

Ẹ má tíì bínú sí i. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó dì í lẹ́nu. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni bàbá Modúpẹ́, ṣùgbọ́n Yola ni ìjọba gbé e lọ ṣe akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Modúpẹ́ sí. Àwọn ọmọ Fúlàní ló bá ṣeré dàgbà, àní èdè wọn yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ títí ó fi di ọmọ ọdún mọ́kànlá, tí wọ́n gbé bàbá rẹ̀ wá sí Ìlọrin. Ní ọdún tó kọ́kọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, ó sọ èdè Fúlàní lójú oorun ní ilé ibùsùn wọn. Ó mà ṣe o! Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n ti sọ ọ́ ní "Oníwàrà". Bó bá ń lọ, wọn a ní, "Oníwàrà, èló ni tiẹ̀?" Wọn a to agolo mílíìkì òfìfo sórí àpótí rẹ̀. Ọmọ náà sunkún títí. Ó wá búra pé ọ̀rọ̀ Fúlàní kankan kò ní jáde lẹ́nu òun mọ́ láyé. Odidi ọdún méjì ló gbà kí orúkọ náà tó parẹ́. Ìyábọ̀dé, tó jẹ́ olórí àwọn tó ń pè é bẹ́ẹ̀, ló wá di ọ̀rẹ́ rẹ̀ báyìí, tí wọ́n jọ ń jẹun lórí tábìlì kan náà. Ìyábọ̀dé náà ló jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì yìí. Ẹni tí ejò bá bù ṣán rí, bó rí ekòló, yóò sá.

"Ẹlòmíì á gbọ́ ọ," ni Modúpẹ́ ń wí lọ́kàn ara rẹ̀. "Ìlọrin kúkú la wà. Fúlàní kò wọ́n ní Ìlọrin."

Ohun tí Sísítà náà rò nìyẹn. "Ẹ bá mi sáré pe Àlàájì Abdulganiyu wá!"

Àlàájì Abdulganiyu ni akọ̀wé tó ń kọ káàdì àwọn aláìsàn. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ní ọsibítù náà pé Fúlàní ni baba ńlá rẹ̀, nítorí pé ọjọ́ mẹ́ta kì í kọjá kó má rán wọn létí ẹṣin tí baba ńlá ọ̀hún gùn wọ̀lú. Ó dé, ó tún fìlà ṣe, ó kọjú sí obìnrin náà.

"Sànnú," ni ó wí.

Ojú obìnrin náà mọ́lẹ̀. Ó tú ọ̀rọ̀ lé Àlàájì lórí, ó ń nàka sí ọmọ, ó ń nàka sí kèrègbè. Àlàájì mi orí. Ó wúkọ́.

"Kí ló wí?" ni Sísítà bi í.

"Ó ní... ó ń kí wa."

"Gbogbo ìyẹn?"

"Sísítà, ẹ má dójú tì mí láàárín èrò. Baba ńlá mi ló gbọ́ Fúlàní. Bàbá mi gbọ́ díẹ̀. Èmi, Yorùbá ni ìyá mi fi tọ́ mi dàgbà. Súbùhánàllá!"

Àwọn ọmọbìnrin tó wà lórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Modúpẹ́ náà rẹ́rìn-ín, nítorí pé Ìyábọ̀dé rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà korò lẹ́nu rẹ̀.

Àlàájì fẹ́ fi iṣẹ́ bo ìtìjú, ó fa kálámù yọ. "Ó kéré tán, ká kọ káàdì." Ó nàka sí àyà ara rẹ̀: "Abdulganiyu." Ó nàka sí nọ́ọ̀sì: "Ọlábísí." Ó wá nàka sí obìnrin náà.

"Ládi," ni obìnrin náà wí jẹ́jẹ́.

Àlàájì nàka sí ọmọ. Ládi gbé ojú sá. Àlàájì tún nàka. Ládi fa ìborùn bo ẹnu, ó kúrò lẹ́bàá ibùsùn, ó lọ fara ti ògiri. Kò fọwọ́ kan ọmọ náà, bẹ́ẹ̀ ni kò wò ó.

Ìyá Ràúdátù, tí ọmọ tirẹ̀ ń ṣàìsàn èéyi ní ibùsùn kejì, pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ẹ rí i? Kò mọ orúkọ ọmọ! Ìyá wo ni kò mọ orúkọ ọmọ ẹ̀? Wàláhì, ó jí i gbé ni!"

"Bó ṣe jọ náà nìyẹn," ni Sísítà wí, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Bí dókítà bá ti dé, a ó pe ọlọ́pàá."

Modúpẹ́ nìkan ni kò rò bẹ́ẹ̀. Ó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Àkọ́bí ni ọmọ náà. Láàárín àwọn Fúlàní, ìyá kì í pe orúkọ àkọ́bí rẹ̀, kì í gbé e jó, kì í kẹ́ ẹ níṣojú ènìyàn. Ìtìjú ni, ọ̀wọ̀ sì ni. Ní Yola, ìyá kan wà nítòsí ilé wọn tó ń pe àkọ́bí rẹ̀ ní "ọ̀gbẹ́ni yẹn" títí ọ̀gbẹ́ni yẹn fi hu irùngbọ̀n. Ládi kò jí ọmọ kankan gbé. Ó ń hùwà ọmọlúàbí bí wọ́n ti kọ́ ọ nílé ni, ìwà ọmọlúàbí náà ló sì fẹ́ sọ ọ́ di ọ̀daràn yìí.

"Gìrì ni," ni Sísítà wí. Ó fọwọ́ kan ọrùn ọmọ náà, ó lajú. "Ara ẹ̀ kò sì gbóná. Ẹ bu omi wá. Dókítà wà lẹ́nu iṣẹ́ abẹ, kò lè fi ẹni tí ó ti la inú rẹ̀ sílẹ̀."

Modúpẹ́ ló gbé omi lọ. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ló rí ọmọ náà dáadáa. Kò lè tó ọmọ ọdún mẹ́ta. Òógùn bò ó. Ẹran ara rẹ̀ ń gbọ̀n rìrì lábẹ́ awọ bí ẹni pé kòkòrò ń rìn níbẹ̀, dúdú ojú rẹ̀ sì ti kéré bí orí abẹ́rẹ́. Bó bá mí, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ a máa dún hòrò hòrò. Ẹ̀rù ba Modúpẹ́ dé eegun.

Ládi sún mọ́ ọn. Kò pariwo lọ́tẹ̀ yìí. "Kì í ṣe wàrà," ló wí létí rẹ̀. "Jọ̀ọ́. Oògùn eégbọn ni."

Modúpẹ́ la ẹnu.

"Dúpẹ́!" ni Ìyábọ̀dé pè láti orí bẹ́ǹṣì. "Ó jọ pé ó mọ̀ ẹ́ o! Àbí àbúrò màmá ẹ ni?" Ẹ̀rín tún sọ.

Modúpẹ́ pa ẹnu dé. "Mi ò mọ̀ ọ́n rí," ló wí, ó sì padà síbi báńdéèjì rẹ̀. Òótọ́ ni, kò mọ̀ ọ́n rí. Kò sí irọ́ tó burú tó irú òótọ́ bẹ́ẹ̀.

Aago ara ògiri ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Modúpẹ́ ń ka èémí ọmọ náà láti ibi tó jókòó sí. Kó tó ka mẹ́wàá, ó ti ṣi í kà, nítorí pé èémí náà ń pẹ́ kó tó dé. Ó ń gbàdúrà pé kí dókítà dé, kí Fúlàní mìíràn kọjá lọ́nà, kí ilẹ̀ là. Gbogbo ohun tó lè gbà á ló bẹ̀, àyàfi ẹnu ara rẹ̀.

Ìyá Ràúdátù kì í ṣe ènìyàn búburú, ẹ jọ̀ọ́. Àánú ọmọ náà ló ṣe é. "Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́," ló wí. "Bóyá ebi ló ń pa á. Ẹ ò rí i bó ṣe ń da itọ́? Ẹ jẹ́ n fún un ní wàrà tí ìyá ẹ̀ gbé wá." Kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn, ó ti da nǹkan funfun inú kèrègbè tí Ládi gbé kalẹ̀ sínú ife, ó ti gbé orí ọmọ sókè.

Ládi, tó ti padà sídìí ògiri, fò síwájú. Ó gbá ife náà dànù, ó gbá kèrègbè tẹ̀ lé e, nǹkan funfun náà dà sílẹ̀, òórùn kan sì gba gbogbo ibẹ̀.

"Yéè! Ó fẹ́ kí ọmọ kú!" ni Ìyá Ràúdátù ké. Àlàájì Abdulganiyu àti ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà di Ládi lápá méjèèjì mú.

Lójú ẹsẹ̀ ni ọmọ náà ṣe gan. Ọ̀fun rẹ̀ dún lẹ́ẹ̀kan. Àyà rẹ̀ dúró.

"Hàrúnà!" ni Ládi lọgun. "Hàrúnà! Hàrúnà mi! Hàrúnà!"

Gbogbo wọ́ọ̀dù gbọ́ obìnrin tó ń pariwo. Modúpẹ́ gbọ́ ohun tí kò gbọ́ rí ní gbogbo ọdún tó lò ní Yola: ìyá Fúlàní tó ń pe orúkọ àkọ́bí rẹ̀ láàárín àwọn àjèjì. Ládi ti ju ìtìjú ọjọ́ ayé rẹ̀ nù. "Kí wá ni ìtìjú tèmi jámọ́?" ni Modúpẹ́ rò. Kò mọ ìgbà tó dìde.

"Sísítà! Kì í ṣe gìrì! Kì í ṣe wàrà ló wà nínú kèrègbè yẹn! Oògùn eégbọn màálù ló mu! Májèlé ni! Ó ti ń sọ ọ́ láti àárọ̀!"

Sísítà yíjú sí i. "Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Mo gbọ́ èdè rẹ̀, mà."

Sísítà wò ó ní ìwò kan tí Modúpẹ́ kò ní gbàgbé. Ṣùgbọ́n kò sí àyè ìbéèrè. Ó dá ọmọ náà dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ki rọ́bà bọ̀ ọ́ lọ́fun, ó fa itọ́ jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. "Ìyábọ̀dé! Sáré lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ! Sọ fún dókítà pé májèlé ni, kì í ṣe gìrì! Àlàájì, ẹ tú obìnrin yẹn sílẹ̀!"

Dókítà náà, ọkùnrin tínrín kan láti ilẹ̀ Íńdíà, sáré dé pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn lára aṣọ. Ó ti fi abẹ lé igbákejì rẹ̀ lọ́wọ́. Ó gbóòórùn ilẹ̀, ó la ojú ọmọ wò, ó sì béèrè nǹkan ní Gẹ̀ẹ́sì wéréwéré. Sísítà sọ ọ́ di Yorùbá, Modúpẹ́ sọ ọ́ di Fúlàní. Èsì gba ọ̀nà kan náà padà. Ìgbà wo ló mu ún? Nígbà tí wọ́n ń fún wàrà láàárọ̀. Báwo ló ṣe pọ̀ tó? Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbé e mì kí òun tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ló fún wọn? Dókítà ẹran ló fún ọkọ òun. Ọkọ òun pò ó mọ́ omi, ó sì funfun. Èyí tó ṣẹ́ kù ló dà sínú kèrègbè àtijọ́, ó gbé e kọ́ síbi tí kèrègbè wàrà yòókù wà, ó sì da màálù lọ. Awakọ̀ akẹ́rù kan ló gbé òun láti gáà wọn, ibùdó àwọn darandaran, dé Ọ̀fà Garage nínú Ìlọrin. Òun sáré ìyókù.

Fúlàní ti Yola àti ti gáà Ládi kò kúkú rí bákan náà. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí Modúpẹ́ ní láti béèrè lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé ó mọ̀ pé bí òun bá ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ, ọmọ ni yóò san án.

Abẹ́rẹ́ wọlé. Ìṣẹ́jú díẹ̀, òmíràn tún wọlé. "Ẹ bọ́ gbogbo aṣọ rẹ̀," ni dókítà wí, "ẹ fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́. Májèlé náà ń gba ara wọlé." Modúpẹ́ túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún Ládi lọ́kọ̀ọ̀kan kí ìyá náà má baà bẹ̀rù: wọ́n fẹ́ wẹ̀ ẹ́ ni, wọ́n fẹ́ tún gún un lábẹ́rẹ́ ni, rọ́bà yẹn kò ní pa á. Ó ní kí Ládi náà wẹ ọwọ́ àti ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ládi ń ṣe ohun gbogbo tó bá sọ. Ní nǹkan bí aago méjìlá, itọ́ náà gbẹ lẹ́nu ọmọ. Ó ń dá mí fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì lajú.

"Ó lè yè," ni dókítà wí. "Mi ò lè búra. Ilẹ̀ ọ̀la ni yóò sọ." Ó nu ojú rẹ̀, ó kọjú sí Modúpẹ́. Ó rọra sọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, kó lè yé e. "Ṣé o wà níbí nígbà tó wọlé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O gbọ́ ohun tó wí?"

Ó lè purọ́. Ìyábọ̀dé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn dúró. "Mo gbọ́, sà. Mo ń tijú ni. Wọ́n máa ń fi mí ṣẹ̀sín nítorí èdè náà."

Dókítà kò pariwo. Ì bá sàn bó bá pariwo. "Ọdún kẹrin mi rèé nílẹ̀ yín. Ojoojúmọ́ ni mò ń dúró ti ọmọ tó ń kú, tí ìyá rẹ̀ ń sọ ohun tó ń pa á fún mi, tí n kò gbọ́. Ohun tí mo fẹ́ fi owó rà bó bá ṣeé rà, ìwọ ní in, o sì jókòó lé e. Ogún ìṣẹ́jú! Ọmọ yìí kò ní ogún ìṣẹ́jú tó lè fi ta ọ́ lọ́rẹ." Ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ abẹ rẹ̀.

Ìyábọ̀dé bú sẹ́kún. "Èmi ni mo fà á, Dúpẹ́. Jọ̀ọ́, má bínú."

"Ẹnu mi ni," ni Modúpẹ́ dá a lóhùn. "Ìwọ kọ́ lo dì í."

Nígbà tí ọkọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wọn dé, Sísítà kọ̀wé sí olùkọ́ wọn pé kí wọ́n fi Modúpẹ́ sílẹ̀. Modúpẹ́ jókòó ti Ládi nílẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn. Ẹ̀rù ohun tó fẹ́ sọ bà á ju ẹ̀rù dókítà lọ.

"Láti ìgbà tí ẹ ti wọlé ni mo ti gbọ́ ohun tí ẹ wí," ló wí níkẹyìn.

"Mo mọ̀," ni Ládi wí.

Modúpẹ́ gbójú sókè.

"Nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ọmọ ni gbogbo wọn ń wò. Ìwọ nìkan lo wo kèrègbè. Láti ìgbà yẹn, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní bóyá wọ́n ti kìlọ̀ fún ọ pé o ò gbọdọ̀ fọhùn. Mò ń bẹ Ọlọ́run kó tú ẹnu rẹ kí ọmọ mi tó lọ."

Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ò purọ́. Modúpẹ́ sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ládi kò ní kó má sunkún, kò sì ní òun ti dárí jì í. Ó kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Má lọ," ló wí. "Bí o bá lọ báyìí, mo tún ti di odi."

Kò lọ. Ó kàn jókòó síbẹ̀ ni, ó ń tẹ́tí sí èémí ọmọ náà, ó ń bẹ̀rù pé èyí tó ń bọ̀ kò ní dé. Nígbà tí oòrùn ọjọ́ Àìkú yọ, Hàrúnà lajú, ó wo àwọn aṣọ funfun tó yí i ká, ó sì fi ohùn tó há sọ gbólóhùn kan. Sísítà, Àlàájì Abdulganiyu, Ìyá Ràúdátù, gbogbo wọn yíjú sí ẹnì kan ṣoṣo.

"Kí ló wí?" ni Sísítà bi í.

"Ó ní kí ẹ lọ, mà," ni Modúpẹ́ wí sókè ketekete. "Ó ní abẹ́rẹ́ yín dun òun."

"Àlàmùdúlílà!" ni Àlàájì wí, ó sì kọjú sí ògiri kí wọ́n má baà rí omi ojú rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Hàrúnà lò kó tó padà sí gáà wọn. Wọn kì í pe ọlọ́pàá sí ọmọbìnrin tó dákẹ́, wọn kì í sì í nà án lẹ́gba. Ṣùgbọ́n títí Modúpẹ́ fi parí ilé ẹ̀kọ́, bí aago bá ti lu mẹ́wàá àárọ̀, àyà rẹ̀ a já. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ̀sín kò pa ènìyàn rí. Ìdákẹ́ ẹni tó ń sá fún ẹ̀sín ló lè pa ọmọ ọlọ́mọ. Bí ẹ bá mọ ohun tó lè gba ẹ̀mí là, ní èdèkédè, ẹ sọ ọ́, kí èémí tó tán.